Baálé Ibùdókọ̀ Ojú Irin

Ọjọ́rú, 7 oṣù kejì

Wọ́n tún wá ní ìdájí. Régis ló kó wọn wá, ọlọ́pàá gíga yẹn tó máa ń wọ awò dúdú kí oòrùn tó là. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ wa ni pé a sùn sí ibi tó jẹ́ ti ìjọba. Mo fẹ́ bi í pé ìgbà wo ni ìjọba ti rántí ibùdókọ̀ ojú irin Ṣábẹ̀ yìí kẹ́yìn. Koríko ti hù bo irin mọ́lẹ̀, ewúrẹ́ ń bímọ nínú yàrá tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀, kò sì sí ọlọ́pàá tó mú ewúrẹ́ kankan rí. Àwa ni ojú wọn tó.

Wọ́n gba ìró Germaine nítorí pé ó sá a sórí irin ọgbà. Wọ́n mú Rafiou nítorí pé ó wẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n sì ní kó máa ro koríko ẹ̀yìn kọmisaríà, àgọ́ ọlọ́pàá wọn, títí di ọ̀sán, òun tó yẹ kó ti wà níbi tí wọ́n ti ń ru àpò kajú. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni iná. Régis fi bàtà gbá ìkòkò ògì mi dànù, ó ní iná dídá léèwọ̀. Mo wo ògì yẹn bó ṣe ń ṣàn lọ sáàárín òkúta, inú sì ń bí mi.

Kayé, ìwé ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi Moufidatou, ni mo ń kọ eléyìí sí, kò kọ ju ìdajì rẹ̀ lọ kó tó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Parakou. Ọmọ náà rò pé yàrá bàbá rẹ̀ ni mo ṣì wà. Àpò kajú àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn dáadáa kí olè má baà jí i. Èmi ni wọn ò ti ilẹ̀kùn mọ́.

Ọyẹ́ ṣì ń mú. Ètè mi ti la.

Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù kejì

Èrò kan sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń gbálẹ̀. Mo sọ ọ́ fún Germaine. Mo ní bí ẹrù tó já sílẹ̀ lójú ọ̀nà ni a ṣe ń gbé níbí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fẹsẹ̀ gbá wa. Tí a bá ń gbé bí ará ilé, wọ́n á rí wa bí ará ilé. Germaine wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, ó wo òrùlé, ó bi mí pé ilé wo ni mo ń sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó bá mi mú ìgbálẹ̀ kejì.

Ilé ò lè wà kó má ní baálé. Ìyẹn ò gba àríyànjiyàn, Bàbá Ìlọ̀rí ló dàgbà jù nínú wa. Àgbẹ̀ ni wọ́n ní Bessé títí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn fi ta ilẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ fún olóko kajú, ní ìgbà tí wọ́n wà ní ìdùbúlẹ̀ àìsàn. Ẹ̀gbẹ́ ojú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń sùn. Wọn kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ dé fìlà, ì báà jẹ́ ewúrẹ́ la ní kí wọ́n bá wa lé.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí mo fẹ́. Wọ́n wúkọ́ títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ilé tí ò ní òrùlé lo fẹ́ fi mí jẹ baálé rẹ̀?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo rí i bí wọ́n ṣe tún ìjókòó wọn ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yìn wọn nà.

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù kejì

Ó ń ṣeé ṣe. Obìnrin ń sùn lápá ibí, ọkùnrin lápá ọ̀hún. Iná kan ṣoṣo là ń dá, ẹ̀yìn ògiri ni. Rafiou gbẹ́ ṣáláńgá sínú igbó, ó fi pákó bo ẹnu rẹ̀. Kí àwọn èèyàn tó kírun àárọ̀, a ti gbálẹ̀ tán, a ti ká ẹní.

Àsìkò kajú ló dé, èèyàn ń ti ibi gbogbo bọ̀ wá ru àpò. Ẹni tó bá fẹ́ sùn lọ́dọ̀ wa, ọ̀dọ̀ Bàbá ni yóò kọ́kọ́ lọ. Á kí wọn, á sọ ọmọ ẹni tí òun jẹ́, wọ́n á ní kí wọ́n bu omi fún un, lẹ́yìn náà wọ́n á fi ibi tó máa tẹ́ ẹní sí hàn án. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, olúkúlùkù á mú díẹ̀ nínú ohun tó rí wá fún wọn: obì, ọṣẹ, ẹ̀wà, ẹ̀kúnwọ́ kajú. Bàbá kì í dá a jẹ. Ẹni tí ọjọ́ bá burú fún ni wọ́n ń gbé e fún, wọ́n á ṣe bí ẹni pé inú àwọn ò gba obì lónìí.

Àwọn ọkùnrin méjì kan láti Okpara fẹ́ jà nítorí ibi tí òjìji ti ń pẹ́. Bàbá ò bá wọn wí. Ẹní ti Bàbá fúnra wọn ni wọ́n ká, wọ́n ní kí ọ̀kan bọ́ síbẹ̀. Ojú ti àwọn méjèèjì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.

Tọ́ládé, ọmọ Nàìjíríà tó ń ta ọṣẹ àti iyọ̀ ní òdìkejì ojú irin, sọ fún mi lánàá pé àwọn ilé kan wà ní àdúgbò Plateau tí kò létò tó tiwa. Ọ̀rọ̀ yẹn mú inú mi dùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìgbà tí inú mi ti dùn báyẹn gbẹ̀yìn, ọkọ mi ṣì wà láyé.

Ọjọ́bọ̀, 29 oṣù kejì

Ooru. Wọ́n ní iye tí wọ́n ń ra kajú ti já wálẹ̀, àwọn olóko ń bínú, owó aláàárù náà sì ti bá a já. Régis gun alùpùpù kọjá, ó wò wá, kò sì dúró. Mo rò pé ó ti ń yé e.

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta

Wọ́n ń kun òkúta etí títì ní ọ̀dà funfun. Àlejò ńlá kan ń bọ̀ nílùú. Mi ò fẹ́ràn ọ̀dà funfun yẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù kẹta

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí kí n tó gbàgbé ibi kankan.

Ọkọ̀ ni wọ́n gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, kọmisérì, ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀, sì bá wọn wá. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo ilẹ̀ tí a gbá, ó wo àwọn ẹní tí a ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó yà á lẹ́nu, mo rí i lójú rẹ̀, orí mi sì wú. Mo sọ nínú ara mi pé a ti borí. Ó sọ Faransé sí Régis. Régis yíjú sí wa, ó ní, "Ta ni olórí yín?"

Mo ti ń ro ìbéèrè yẹn láti àárọ̀. Tí àlejò bá wọ agbo ilé kan ní Ṣábẹ̀, tó ní òun ní ọ̀rọ̀, tó béèrè àgbà ilé, ṣé a máa fi àgbà pamọ́ ni? A máa gbé àga síta ni, a máa ní bàbá wa rèé. Ohun tí a ṣe náà nìyẹn. Gbogbo wa la nawọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tó dúró wo ojú ẹnì kejì. Èmi kúnlẹ̀ sí i, mo ní kí wọ́n bá bàbá wa sọ̀rọ̀, pé àwọn ló ni wá. Rafiou dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá kó tó béèrè bóyá kí òun gbé àga fún àwọn àlejò. Gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ló ṣe.

Bàbá dé fìlà wọn. Wọ́n jáde síta, wọ́n kí àwọn ọlọ́pàá káàbọ̀, wọ́n ní kí Germaine bu omi wá. Wọ́n ní, "Èmi ni. Ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe, èmi ni kí ẹ bi."

Régis kọ ọ́ sílẹ̀, ó túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà mi orí. Ni Régis bá fọwọ́ tọ́ka sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó wí fún bàbá tó lè bí bàbá rẹ̀ pé, "Ìwọ, wọlé."

Omi tí Germaine bù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó mu ún.

Bàbá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ká ẹní àwọn. Wọn ò jẹ́ kí wọ́n ká a tán. Ọ̀pá ni wọ́n fi lé àwa yòókù, a sá wọ igbó, nígbà tó di ọ̀sán a padà wá. Àwa ẹlẹ́ṣẹ̀ kékeré, wọ́n kàn lé wa bí ẹní lé adìẹ ni. Olórí wa ni wọ́n fẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 oṣù kẹta

A ti ń gbààwẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mo ṣì rìn dé kọmisaríà.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Bàbá ti kúrò ní ọ̀rọ̀ sísùn. Ẹni tó bá sùn síta, wọ́n á lé e tàbí kí wọ́n ní kó roko. Ẹni tó kó èèyàn jọ, tó ń pín ilé ìjọba fún wọn, tó tún ń gba nǹkan lọ́wọ́ wọn, tirẹ̀ yàtọ̀. Mo ní obì ni, ọṣẹ ni, pé wọ́n tún ń pín in fún wa padà ni. Régis bi mí bóyá dandan ni kí a fún wọn.

Báwo ni èèyàn ṣe ń dáhùn irú ìyẹn? Mo wá ọ̀rọ̀ tó máa jẹ́ òótọ́. Mo ní ẹni tó bá ní ẹ̀kọ́ ilé kò ní ṣàìfún àgbà. Ó mi orí, ó kọ ọ́. Mo mọ ìwé kà díẹ̀, mo sì na ọrùn wò ó. Dandan ló kọ, ní Faransé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 oṣù kẹta

Mo bẹ Tọ́ládé kó bá mi lọ jẹ́rìí, nítorí ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ní pápíyé, ìwé ìgbélùú. Ó wọ aṣọ tó lọ̀, ó fi epo pa bàtà. Ọmọlúàbí ni, mi ò lè sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó dúró níwájú wọn, ó sì yin Bàbá tọkàntọkàn. Ó ní kò sí ẹni tó lè sùn níbẹ̀ tí Bàbá kò bá gbà. Ó ní tí Bàbá bá ní kí ẹnì kan jáde, ó jáde nìyẹn. Ó ní gbogbo wa, àti ọkùnrin àti obìnrin, là ń bẹ̀rù wọn, ọ̀rọ̀ wọn sì ni abẹ́ gé. Ohun tí wọ́n máa ń sọ tí wọ́n bá fẹ́ pọ́n baálé rere lé nìyẹn, èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Kálámù Régis ò dúró.

Nígbà tí a jáde, Tọ́ládé ń nu òógùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá òun sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo ní ó sọ ọ́ dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, 28 oṣù kẹta

Wọ́n gbé Bàbá lọ sí ìlú tí ilé ẹjọ́ wà. Mo rí wọn nínú ọkọ̀ bó ṣe ń yà sí títì ńlá. Fìlà ò sí lórí wọn. Mi ò rí irun orí wọn lójúmọmọ rí, funfun báláú ni.

Àlejò ńlá náà wá lánàá. Kò pẹ́ tó ẹ̀wà tó wà lórí iná. Ó ti lọ, ọ̀dà funfun ṣì wà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù kẹrin

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, gbogbo ẹní ló tutù. Kò sí ẹni tó gbálẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, èmi gan-an ò gbá a. Wọ́n jà lẹ́ẹ̀mejì nítorí ibi tí kò jò. Ẹsẹ̀ Germaine ti ń rùn.

Obìnrin kan ru ẹrù dé lọ́sàn-án, ó bi mí pé ta ni òun máa kí. Mo ní kò sí ẹni tó máa kí, kó sùn síbi tó bá rí. Ó wò mí bí aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ibi ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì ló rí. Mo gbé ẹní Bàbá kúrò níbẹ̀ fún un.

Ọjọ́rú, 10 oṣù kẹrin

Ìtúnu ààwẹ̀. Moufidatou pè lórí fóònù Tọ́ládé, ó ní kí n bá òun kí yàrá bàbá òun. Mo ní mo máa kí i.

Ọjọ́rú, 17 oṣù kẹrin

Wọ́n ti fi Bàbá sílẹ̀. Régis ló wá sọ, òun nìkan, láìsí ọ̀pá. Ó ní adájọ́ wo ọjọ́ orí wọn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tún rí wọn tí wọ́n ń ṣe olórí fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀wọ̀n ni, kì í sì í ṣe ẹ̀wọ̀n kékeré. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ojú rẹ̀ kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní, "Tí ẹ bá fẹ́ràn bàbá yẹn, ẹ má jẹ́ kí n rí i pé olórí yín ni."

Mi ò mọ̀ bóyá àánú ló ṣe é. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ àánú, nítorí mo fẹ́ máa kórìíra rẹ̀ lọ.

Mo pe gbogbo wa jọ. Mo ní tí Bàbá bá dé, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀, kò sí obì, kò sí Baálé. Kí a kí wọn bí ẹní kí ẹni tó ń kọjá lọ. Germaine sunkún, ó ní eékún òun ò ní gbọ́. Mo ní kó di nǹkan mú. Wọ́n ní èmi ni kí n ṣàlàyé fún Bàbá, mo sì gbà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá bí èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àgbà.

Ọjọ́ Àìkú, 21 oṣù kẹrin

Wọ́n dé lónìí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wọlé láti títì, wọ́n ti gbẹ, àpò ike kan ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè, ẹni tó bá ti ìrìn àjò dé, wọ́n máa ń sáré gba ẹrù rẹ̀ ni.

Kò sí ẹni tó dìde. Rafiou ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo wà lórí ìdúró, mo ní ẹ kú àbọ̀, bí ẹní kí oníbúrẹ́dì. Wọn ò wo ojú mi. Eékún mi ni wọ́n wò, wọ́n wò ó pẹ́.

Wọ́n lọ síbi fèrèsé, wọ́n bá obìnrin yẹn níbẹ̀, wọ́n sì lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ewúrẹ́. Nírọ̀lẹ́, Germaine gbé ẹ̀wà sílẹ̀ nítòsí wọn bí ẹni pé ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 22 oṣù kẹrin

Láàárọ̀ Bàbá pè mí. Wọ́n ní, "Adjara, kí ni mo ṣe yín?"

Régis ń mu omi tútù níwájú ṣọ́ọ̀bù Tọ́ládé, awò dúdú rẹ̀ kọjú sí wa. Mo ní kò sí nǹkan, mo gbé korobá, mo lọ pọnmi. Mo ní tó bá di ìrọ̀lẹ́ mo máa sọ fún wọn. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Kì í ṣe Régis nìkan ló dí mi lọ́wọ́, ẹnu mi ni kò gbà á.

Lọ́sàn-án Régis kọjá ojú irin wá bá wa. Ó nawọ́ sí Bàbá, ó béèrè ohun tí bàbá yìí jẹ́ sí wa. Gbogbo wọn wò mí. Bàbá náà wò mí. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè síbi tí fìlà wọn máa ń wà, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀.

Mo ní, "A ò mọ̀ wọ́n. Wọ́n kàn ń kọjá lọ ni."

Régis mi orí fún mi bí tíṣà tí ọmọ ilé ìwé rẹ̀ dáhùn ìbéèrè bó ṣe yẹ. Ó lọ. Ìgbà náà ni mo tó wólẹ̀, mo di etí aṣọ Bàbá mú, mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ohun tí Régis sọ, ohun tí adájọ́ sọ, bí mo ṣe gbé òfin lé gbogbo ilé lórí. Mo ń sunkún bí ọmọdé. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Wọ́n ní, "Ó yé mi, ọmọ mi. Ó ti yé mi láti àná. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ibi tí wọn ò ti lè kí mi."

Wọ́n ní kí n bu omi fún àwọn. Wọ́n mu ún lórí ìdúró, wọ́n dá igbá padà fún mi, wọ́n gba ọ̀nà Bessé lọ. Mo tẹ̀ lé wọn dé ibi tí àwọn ọkọ̀ kajú ń dúró sí. Wọ́n ní kí n padà, mo sì padà, nítorí baálé mi ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 oṣù karùn-ún

Àsìkò kajú ti ń parí, àwọn aláàárù ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Rafiou náà ti lọ. Àwọn kan sọ fún Tọ́ládé pé àwọn rí bàbá arúgbó kan tó ń ṣa èso kajú jẹ létí oko kan ní Bessé. Mo lọ síbẹ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni. Olùṣọ́ oko ní àwọn ti lé e, pé ó ní ilẹ̀ òun ni. Ẹní wọn ṣì wà lọ́dọ̀ mi ní kíká.

Wọ́n ti gbé Régis lọ sí ìlú mìíràn. Ọlọ́pàá tuntun wá láàárọ̀ yìí, ọmọ kékeré ni, Yorùbá rẹ̀ já gaara. Ó wo ìdọ̀tí tó wà nílẹ̀, ó fi ọwọ́ bo imú. Ó béèrè ẹni tó jẹ́ olórí wa.

Kò sí ẹni tó nawọ́. Mo ní a ò ní olórí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, irọ́ kọ́ ni mo pa.